Ṣé Ó Korò?

Wọ́n da ọ̀rá funfun bò mí lórí bí ẹni da agbọ̀n bo àgbébọ̀.
Aino, tó ń dán ìbòmú wò fún wa, tẹ ìgò kékeré ọwọ́ rẹ̀: fín-ín, fín-ín.
"Yí ọrùn sọ́tùn-ún. Tẹ̀ ba. Ka ìwé yìí sókè.
Ṣé ó korò?"

Ó korò.
Ó korò bí omi ewúro àkọ́fọ̀.
Ó ní, "Á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń ríbi gbà wọlé."
Ó mú òmíràn, ó korò. Ó tún mú òmíràn.
Imú tí bàbá mi fi jogún fún mi ni kò bá tiwọn ṣe:
ẹni tó rán ìbòmú kò rò ó pé irú imú yìí
yóò wá nu ilẹ̀ ọsibítù ní Thunder Bay,
ìlú tí wọ́n fi àrá sọ lórúkọ,
tí adágún rẹ̀ ń di òkúta lóṣù kìíní.
Ìkarùn-ún ló tó jókòó.
Aino fín in títí, n kò tọ́ nǹkan kan wò àfi itọ́ ara mi.
Ó kọ Fadérera sórí káàdì, ó kọ nọ́ńbà tèmi tẹ̀ lé e:
"Èyí nìkan o. Má gba òmíràn."

Òru Ọjọ́bọ̀, aago méjì àbọ̀.
Ìwé pupa wà lára ilẹ̀kùn yàrá kẹtàdínlógún.
Bàbá Kowalchuk ti bì sílẹ̀,
ikọ́ ń mì í bí ẹni ń gbọn àpò gàrí.
Mo nawọ́ sí pẹpẹ: páálí tèmi ṣófo.
Àwọn tó kù kún dẹ́nu. Àwọn tó korò.
Alábòójútó ní, "Mú èyíkéyìí, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni."

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré náà ni Rosalinda fi ká aṣọ ìbùsùn kan
tí ẹnì kan gbàgbé abẹ́rẹ́ sí.
Oṣù mẹ́fà ló fi ń gbé apá lọ kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò,
ọkọ rẹ̀ ń sùn ní pálọ̀.

Mo ní, "N kò wọlé."
Kí n má purọ́, n kì í ṣe akọni, orúnkún mi ń lu ara wọn.
Alábòójútó ní iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ yìí.
Mo ní ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò.
Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, n kò wá èdè mìíràn bò ó.

Ṣùgbọ́n bàbá náà ń wò mí láti inú gíláàsì.
Kò yẹ kí bàbá ẹnikẹ́ni jókòó ti èébì rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.
N kò mọ bí mo ṣe lè mú gbólóhùn yẹn fúyẹ́.
Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sára gíláàsì.
Ó gbé tirẹ̀ sókè díẹ̀, èyí tí rọ́bà omi wà lára rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló sáré dé láti ilé kejì,
yìnyín ní èjìká, páálí lábẹ́ abíyá.
Mo fà á bojú, mo tẹ irin imú rẹ̀,
mo mí síta, mo mí sínú.
Mo wọlé.

Ó ní, "Mo rò pé ẹ̀rù mi ń bà ọ́."
Mo ní, "Ó ń bà mí, bàbá. Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀."

Aago méje ààbọ̀, mo bọ́ṣọ ní gáréèjì, òtútù ń jẹ mí dégungun.
Akínkúnmi la apá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́.
"Dúró ná." Ó mọ̀ ọ́n. Ó dúró.
Ìgbà tí mo wẹ̀ tán ni mo tó di ìyá rẹ̀.
Ó fi ìka tọ ilà tí ìbòmú fà sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ títí dé imú:
"Ṣé ó dùn yín, Mọ́mì?"

Mo rò ó díẹ̀.
Kò korò.